Àjọkẹ́, Má Gbé Máṣíìnì Sí Pálọ̀

Inísà,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àjọkẹ́ mi, Mojísọ́lá ọmọ Tíṣà,

Ìgbà mẹ́rin ni mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láti àná, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu mi. Ilá ni mo ń rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo jó yí ilé ìdáná ká, mo sì pariwo débi pé bàbá rẹ sáré wọlé pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ó rò pé ejò ni mo rí. Nígbà tó gbọ́ pé Akin ọkọ rẹ ti ra máṣíìnì oníná fún ọ, pé kọ́sítọ́mà mẹ́rin ti gbé aṣọ wá bá ọ ní Ìkìrun nígbà tí fíríìdọ̀mù rẹ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, òun náà ju igi sílẹ̀, ó ní kí n tún ohùn rẹ ṣí kóun gbọ́. Bàbá rẹ tí kì í jó! Ó jó, Àjọkẹ́. Ó jó ijó tíṣà, ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó jó.

Mo kí ọ kú oríire. Mo tún kí ọ. Ọdún mẹ́ta tí o fi kọ́ṣẹ́ ní Òṣogbo, tí o ń fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ lọ́wọ́, tí ọ̀gá rẹ ń ní kí o tú iṣẹ́ tí o ti rán tán, kò já sí asán. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí tìrẹ ti gbóná tó. Ọbẹ̀ ló kù báyìí, ata ló kù, ẹran ló kù!

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà ní ìparí ohùn tí o fi ránṣẹ́ yẹn tó mú mi jókòó. O ní, "Màámi, ó dà bíi pé n ò ní gba ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ o. Pálọ̀ wa fẹ̀. Ibẹ̀ ni màá gbé máṣíìnì sí, àwọn kọ́sítọ́mà mi á wá di ẹbí. Sátidé ni màá fún ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù lésì." O sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó ti rí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ọmọ mi, èmi ti rí ọgbọ́n yẹn kí n tó bí ọ. Èmi ti lò ó. Ohun tó fi ojú mi rí ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé yìí, kí Akin lè gbé e wá fún ọ nígbà tó bá wá kó iṣu lọ́la, kí o sì lè kà á kí Sátidé tó pé.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò pè ọ́. Èkíní, o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ènìyàn, èmi ni o jọ. Èkejì, ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò sọ fún ọ rí, ẹnu mi kò sì gbà á. Ọwọ́ mi ló gbà á. Nítorí náà jókòó, gbé omi tutù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí o fara balẹ̀ kà á.

O mọ̀ pé Òkukù ni a ti kọ́kọ́ gbé. Yàrá méjì ni bàbá rẹ gbà, ọ̀kan fún ibùsùn, ọ̀kan fún pálọ̀, ọdún kẹtàlélógún mi ni mo wà. Mo gbé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mi sí ẹ̀bá fèrèsé pálọ̀, mo fi aṣọ tí mo ti rán kọ́ ara ògiri yí ká, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Háà, ó dùn mọ́ mi! Kí ọdún tó yí po, àwọn obìnrin ti kún ilé mi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ọ̀rọ̀ ìlú. Àwọn kan ní aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán, àwọn kan kò ní nǹkan kan tí wọ́n wá ṣe. Mo rò pé bí èrò bá ṣe ń pọ̀ nínú ilé ni iṣẹ́ ṣe ń dára sí i. Mo tilẹ̀ máa ń yangàn pé, "Ilé mi kì í dá, gbogbo wọn ti di ẹbí mi." Ṣé o gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn? Ọ̀rọ̀ rẹ gan-an ni.

Lọ́jọ́ kan, mo ń rán aṣọ lọ́wọ́, mo gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò nílé ìdáná. Kọ́sítọ́mà mi kan ló wọlé lọ, ó ṣí ọbẹ̀ mi, ó tọ́ ọ wò. Ó yọjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó Tíṣà, iyọ̀ ò tó sí ọbẹ̀ yìí o. Ṣé kí n bá yín fi kún un?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi kún un! Òmùgọ̀ ìyá rẹ.

Bàbá rẹ á ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, ebi á ti máa pa á, á bá obìnrin mẹ́rin lórí àga mẹ́rin tí a ní. Á kí wọn dáadáa, á gba àárín wọn kọjá lọ sí yàrá, á sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á gbé abọ́ lé itan jẹun. Ọdún méjì ló fi jẹun báyìí, Àjọkẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá tó ní, "Ìyá Mojí, ẹ bá mi bẹ àwọn kọ́sítọ́mà yín kí wọ́n yá mi ní àga kan lónìí." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi ni ẹ̀rín mi pọ̀ jù. Kò ṣe àwàdà o. Mo wo ojú rẹ̀ lẹ́yìn náà, mo sì mọ̀ pé kò ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n mo ti padà sídìí máṣíìnì.

Èyí tó tún burú ju ti àga lọ ni ẹnu mi. Nígbà tí ènìyàn bá ń gé aṣọ, ọwọ́ níṣẹ́, ẹnu kò níṣẹ́. Bàbá rẹ àti èmi ń jiyàn nígbà náà lórí ìwé tó fẹ́ lọ kà sí i ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo ní kó má lọ, nítorí èmi nìkan ni n óò máa bá ọmọ jà nílé. Dípò kí n gbé ọ̀rọ̀ náà sí àárín èmi àti rẹ̀, orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo gbé e sí. Kọ́sítọ́mà kan dá sí i, èkejì dá sí i, wọ́n gbé ẹ̀bi fún bàbá rẹ láìjẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀, bàbá rẹ wà lójú ọ̀nà Ìgbàyè pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ bá a kórè àgbàdo. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yìí ń kọjá lórí ọ̀kadà, ó ní kí ọlọ́kadà dúró, ó sì kígbe sí i lójú àwọn ọmọ yẹn pé, "Tíṣà, ìwé wo lẹ tún fẹ́ kà? Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín sinmi o jàre!"

Ó délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò pariwo. Ó wẹ̀, ó jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì bó ti ń ṣe, ó wá bi mí pé, "Ta ló ń gbé inú ilé yìí gan-an? Àwa ni àbí àwọn?" Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, èmi ni mo sì la ògiri náà fúnra mi.

O lè máa rẹ́rìn-ín títí dé ibí yìí, ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ nìyí.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣadé. Ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Bíọ́dún, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyá Bíọ́dún, ọ̀rẹ́ mi ni, kọ́sítọ́mà mi ni, orí bẹ́ǹṣì kan náà la sì jọ ń jókòó nínú ẹgbẹ́ àdúrà. N kò mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àkókò kan, nítorí kò sí ọjọ́ tí kì í wá sí pálọ̀ mi. Ṣadé gbé gáùn ìgbéyàwó rẹ̀ fún mi rán. Inú mi dùn! Gáùn funfun àkọ́kọ́ tí mo máa rán nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni, ó ti rù, egungun èjìká rẹ̀ hàn. Nígbà tó padà wá dán aṣọ wò, ara ti ń bọ̀ sípò, gáùn fún un ní ìbàdí. Mo tú u. Ó tún padà wá, ó tún ti sanra díẹ̀, mo tún tú u. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹun dáadáa lẹ́yìn àìsàn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀. Èmi tí mo wọ̀n ọ́n mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá Bíọ́dún àti èmi jókòó ní pálọ̀, a ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbójú sókè, ó rí gáùn lára ògiri níbi tí mo máa ń fi gbogbo aṣọ kọ́ sí. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, aṣọ ìyàwó wa rèé! Ẹ ò tíì parí ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ bi mí, jàre. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tú ìbàdí ẹ̀. Ìyàwó yín ń fẹ̀ lójoojúmọ́!" Mo sì rẹ́rìn-ín.

Àwàdà ni. N kò fi ti ibà kún un, nítorí ibà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ìyá Bíọ́dún kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun gbàgbé nǹkan sórí iná.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà kì í so ìyàwó tó bá ti lóyún pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú pẹpẹ, kò sì ní jẹ́ kó wọ funfun. O mọ àwọn àgbà wa. Kí ọjọ́ kẹta tó pé, wọ́n ti pe Ṣadé àti àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ní kó lọ yẹ ìtọ̀ wò kó sì mú ìwé rẹ̀ wá. Ó lọ. Kò lóyún, kò sí nǹkan kan. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, wọ́n ní Ọlọ́run ti dá a láre, ìyá Bíọ́dún tilẹ̀ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ sílé wọn. Ṣadé ní òun kò ṣe mọ́. Ó ní, "Ilé tí wọ́n ti ní kí n tọ̀ sínú ìgò kí wọ́n tó gbà mí gbọ́, n ò wọ̀ ọ́." Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, Bíọ́dún sunkún, kò gbọ́. Ìgbéyàwó fọ́.

Mo lọ sílé wọn, mo kúnlẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí, mo ní ọ̀rọ̀ àwàdà ni, ọ̀rẹ́ ni mo bá sọ ọ́. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Kò bú mi. Ó ní, "Màmá, n ò bínú sí ìyá Bíọ́dún. Kò mọ̀ mí. Ẹ̀yin ni mo bọ́ṣọ sílẹ̀ fún."

Àjọkẹ́, láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ tí mo fa téèpù yọ tí n kì í gbọ́ gbólóhùn náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìwọ rò pé àwọn kọ́sítọ́mà mi sá lọ? Rárá o. Wọ́n ṣì ń gbé aṣọ wá, nítorí ọwọ́ mi dára. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú aṣọ àtijọ́ wá pẹ̀lú tuntun. Wọ́n á ní, "Ẹ fi èyí wọ̀n ọ́n." Obìnrin kan ṣe é, èkejì ṣe é, ó di àṣà. Kò sí obìnrin kan ní Òkukù tó tún gbé apá sókè fún mi kí n wọn òun. Téèpù wà lọ́rùn mi láti àárọ̀ dalẹ́, kò rí ara ènìyàn kan. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ń bi mí nípa ọmọ, wọn kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú ìtìjú náà.

A máa ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé ìjọba ló gbé bàbá yín wá sí ilé ìwé kan ní Inísà. Irọ́ ni. Ìjọba kò gbé e. Èmi ni mo gbé e. Òun ló lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun kúrò, kí ìyàwó òun lè rí ibi tí yóò ti tún bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ilé ìwé tó fẹ́ràn àti oko àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni o wà. Títí di òní, bàbá rẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi ẹran tó tóbi jù sí abọ́ rẹ̀, tí ẹ̀yin ọmọ máa ń bínú.

Ó dáa. Mo ti sọ ọ́, àyà mi sì ti fúyẹ́. Gbọ́ ìmọ̀ràn báyìí.

Èkíní: gba ṣọ́ọ̀bù yẹn! Mo ti rí i nígbà tí mo wá, èyí tó wà nítòsí ibi tí bọ́ọ̀sì Òṣogbo ti ń gbérò. Ó kéré lóòótọ́, eruku á sì máa wọlé, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀kùn tí o lè tì. Ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni mo ń sọ. Nígbà tí o bá tì í, iṣẹ́ ti sùn síbẹ̀, ìwọ á wá máa lọ sílé bí ìyàwó Akin. Ẹni tó bá ṣí pálọ̀ rẹ̀ fún kọ́sítọ́mà kò ní ibi tó máa lọ tó bá fẹ́ lọ sílé.

Èkejì: kí o tó ra àga, ra kọ́tìnì. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni kí o ti máa wọn ènìyàn, àti ọkùnrin àti obìnrin. Má ṣe pe òdiwọ̀n sókè kí ẹlòmíràn kọ ọ́. Fúnra rẹ ni kí o kọ ọ́. Aṣọ tí o bá ti rán tán, fi ọ̀rá bò ó kí o tó gbé e kọ́. Ara ènìyàn máa ń bá télọ̀ sọ̀rọ̀. O máa mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. O máa mọ ẹni tí àìsàn ń ṣe, o máa mọ ẹni tí kò jẹun dáadáa nílé ọkọ, o sì lè rí àpá lẹ́yìn ẹlòmíràn. Bó bá fẹ́ kí o ràn án lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa lanu sọ, kí o sì ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá sọ ọ́, o kò rí i. Àní tí ó bá jẹ́ èmi ìyá rẹ ni mo bi ọ́, o kò rí i!

Ẹ̀kẹta, kí o má bàa ṣì mí gbọ́: n kò ní kí o máa lejú mọ́ ènìyàn o. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kí wọn tẹ̀rín tọ̀yàyà, fún wọn lómi, béèrè ọmọ wọn lórúkọ, bá wọn yọ̀. O lẹ́rìn-ín lẹ́nu, Ọlọ́run ló fún ọ, má fi pamọ́. Ohun tí mo ní kí o máa ṣe ni pé kí o gbọ́ ti ilé wọn, kí o má gbé tìrẹ fún wọn. Bí ìwọ àti Akin bá jà, tí ẹ ó sì jà, ẹ jà á nílé, ẹ parí ẹ̀ nílé. Bí kọ́sítọ́mà bá ní, "Ìyàwó, ojú yín kò dùn lónìí o," sọ pé, "Oorun ni, màá," kí o máa rán aṣọ lọ.

Ti ọ̀rẹ́ àti ẹbí ńkọ́? Wọ́n máa wá, ó sì dára kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó bá gbé aṣọ wá, ní ṣọ́ọ̀bù, kọ́sítọ́mà ni, kó dúró kó kàn án. Tó bá dé ilé rẹ, ọ̀rẹ́ ni, kó jẹun, kó má sì dárúkọ aṣọ. Ìwọ lo máa kọ́ wọn, wọn kì í mọ̀ ọ́n fúnra wọn. Obìnrin kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Inísà níbí. A kúnlẹ̀ àdúrà, ojú mi dí, mo ń bẹ Ọlọ́run nítorí fíríìdọ̀mù rẹ gan-an, ó fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá Télọ̀, aṣọ mi ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná, èmi náà á dá yín lóhùn lọ́jọ́ Ajé." Ẹ̀rín pa á débi pé ó ní láti jáde síta. Kò bínú, ó sì dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ènìyàn lè kọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ó sì jẹ́ kíkọ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tún ní pálọ̀ mìíràn tí èmi kò ní, ìyẹn inú fóònù. Mo ń rí àwòrán tí o ń gbé sí sítétọ́ọ̀sì rẹ fún gbogbo ayé, má rò pé n kò rí i. Lánàá, aṣọ kọ́sítọ́mà ló wà níbẹ̀, Akin tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ ẹ̀bà ló tẹ̀ lé e, ló bá tún kan aṣọ kọ́sítọ́mà. Jọ̀ọ́! Àwọn tó fẹ́ rán aṣọ kò nílò láti mọ bí ọkọ rẹ ṣe ń gbé òkèlè. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o má ya ẹni tó ń dán aṣọ wò láìjẹ́ pé o ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó sì ti gbà.

Nípa Akin fúnra rẹ̀, n kò fẹ́ sọ púpọ̀. Láti ìdájí ni ọmọ yẹn ti ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìkìrun sí Òṣogbo, Òṣogbo sí Ìkìrun, tí èrò ń pariwo mọ́ ọn lórí. Pálọ̀ yẹn ni ibi kan ṣoṣo láyé tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kó sún síwájú. Jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ kó na ẹsẹ̀. Jẹ́ kó jẹun lórí àga.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó kì mí láyà láti kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi níbí, aṣọ tó fẹ́ rán lọ́wọ́ rẹ̀. N kò dá a mọ̀, ó ti sanra, ó ti wọ gíláàsì. Ó ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀ mí mọ́? Ṣadé ni, Ṣadé ti Òkukù." Ó ní òun gbọ́ pé ọwọ́ mi ṣì dára. Láìmọ̀, mo na ọwọ́ pé kó mú àpẹẹrẹ wá, ìyẹn aṣọ àtijọ́ tí mo máa fi wọ̀n ọ́n, bí mo ti máa ń ṣe fún wọn ní Òkukù. Ó ní, "N ò mú àpẹẹrẹ wá. Ẹ wọ̀n mí." Ó kọjá sí ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó sì gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè.

Mo ń wọ̀n ọ́n, omi ń bọ́ lójú mi, n kò rí nọ́ńbà ara téèpù mọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó kán sí mi láṣọ o." A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, títí tí a fi jókòó sílẹ̀. N kò béèrè ọkọ, n kò béèrè ọmọ. Èyí tó bá sọ ni mo gbọ́. Kò sì sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wá títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Kí n tó kọ ọ́, mo pè é, mo ní ọmọ mi obìnrin fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣé mo lè sọ ọ̀rọ̀ wa fún un. Ó ní, "Ẹ sọ fún un. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀, màá, kó má bàa ṣe irú ẹ̀." Nítorí náà òun náà wà lára àwọn tó kọ lẹ́tà yìí sí ọ.

Ọmọ tó bá ṣí apá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ṣí apá, Àjọkẹ́. Inú mi ń dùn débi pé n kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga bí mo ti ń kọ̀wé. Mo ti rí ọ níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, téèpù lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu. Bàbá rẹ ti ń ya bí ó ṣe fẹ́ kọ orúkọ rẹ sára pátákó, ó ti ba ìwé mẹ́ta jẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ́, kí ẹnu rẹ mọ́, kí ilé rẹ tutù, kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ bá àga nílẹ̀ jókòó.

Ó ku ẹyọ kan. Fóònù méjì ni kí o ní, nọ́ńbà kan fún iṣẹ́, ìkejì fún ilé. Méjì ni èmi náà ní láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Ti ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń pa á, bí ọba ló bá ń pè, kó di ọ̀la. Ti ilé kì í kú, ènìyàn mẹ́fà péré ló sì mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣàkíyèsí pé ti ṣọ́ọ̀bù ni o máa ń pè, nítorí òun ni mo máa ń yára gbé. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo sì ti rí i. Ní Sátidé, bí o bá ti fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù lésì tán, ti ilé ni kí o pè. N óò pa máṣíìnì, n óò jókòó tì í láti àárọ̀. Ọmọ mi ni ọ́, o kì í ṣe kọ́sítọ́mà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.